Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó kírẹ́díìtì orí ayélujára lọ sí yunifásítì fún dígírì business, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Business Administration ni mò ń ṣe ní community college, ilé-ìwé ọlọ́dún méjì, níbí, mo sì fẹ́ kọjá sí yunifásítì tó bá di oṣù kẹjọ. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n kọ́kọ́ ṣe díẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì tó kù lórí Sophia tàbí Study.com, àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣe kọ́ọ̀sì lórí ayélujára, pé owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yunifásítì. Ṣé òótọ́ ni pé yunifásítì máa ń gba kírẹ́díìtì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì tí èèyàn ti ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

Ìyá Ìbejì
Wọ́n ń gbà á o. Èmi ṣe é. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Maryland. Tí mo bá ti yí àwọn tí kò lè dá yíra padà tán, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, màá gbé fóònù mi sórí tábìlì tí a ń kó oògùn sí, màá máa ka Macroeconomics. Tó bá di aago mẹ́rin tí oorun dé, orí ìdúró ni màá ti máa kà á. Bí mo ṣe ṣe Microeconomics (Micro), Macro, Accounting, Statistics àti Business Law nìyẹn. Owó oṣooṣù ni Sophia ń gbà, gbogbo kọ́ọ̀sì tó o bá sì lè parí nínú oṣù yẹn, tìẹ ni. American Council on Education, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ACE, ló yẹ àwọn kọ́ọ̀sì náà wò tí wọ́n sọ iye kírẹ́díìtì tó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Southern New Hampshire University ni mo kó tèmi lọ. Kírẹ́díìtì 120 ni dígírì wọn, wọ́n sì máa ń gbà tó 90 láti ìta. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, má bẹ̀rù.

Aṣọ Òkè
Orí ìdúró kẹ̀! Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ó jèrè rẹ̀ láṣẹ Olúwa.

Tíṣà Àgbà
Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan, kẹ́ ẹ má bínú. Mo kọ́ni ní accounting nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó wá síbí. Kọ́ọ̀sì tí èèyàn lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí lẹni náà mọ̀ nínú rẹ̀? Ọdún kan gbáko làwa fi ń kọ́ ọmọ ní debit àti credit, síbẹ̀ tó bá kan trial balance, apá kan á kọ̀, kò ní bá èkejì dọ́gba. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwé lásán lẹ ń kó jọ.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ẹ ò sì ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ní Gbági ni mo dàgbà sí. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó rajà àwìn, èmi ni mò ń ka owó alẹ́. Ẹni tó yára parí lè má jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ń ṣe èyí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, a ti ṣiṣẹ́, a ti ṣòwò. Ohun tá a ti fọwọ́ ara wa ṣe ni wọ́n ń fi òyìnbó pè fún wa níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, dúró kó o gbọ́ tèmi kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Yunifásítì tí mo kó kírẹ́díìtì mi lọ, n ò ní dárúkọ wọn, wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn ti gba gbogbo rẹ̀. Mo pe màmá mi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì súre fún mi lórí fóònù. Ìgbà tí mo wá ṣí ojú ewé tí wọ́n ti máa ń fi ohun tó kù han èèyàn, mo wo iwájú Financial Accounting, òfo. Managerial Accounting, òfo. Principles of Marketing, òfo. Mo yí i lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni mo ti rí kọ́ọ̀sì mi gbogbo, abẹ́ free elective, ìyẹn kọ́ọ̀sì àfikún tí èèyàn kàn yàn fúnra rẹ̀, ni wọ́n tò wọ́n sí bí ẹrù tí kò lólúwa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, free elective tí dígírì yẹn fẹ́ ò ju díẹ̀ lọ. Wọ́n gbà á lóòótọ́, kò sì dín ohunkóhun kù nínú ohun tí mo máa ṣe. Mo tún sanwó Accounting, mo tún jókòó ṣe é. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Sisí Dallas
Háà! Ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ mi gẹ́lẹ́ nìyí. Wọ́n gba Marketing rẹ̀, wọ́n ní kó tún Marketing ṣe.

Kọ́lá Nọ́ọ̀tì
Èmi náà. Business Law ni tèmi.

Aṣọ Òkè
Ẹrù tí kò lólúwa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ìyá Ọ́fíìsì
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Ọ́fíìsì tó ń gba transcript, ìwé èsì kọ́ọ̀sì tí èèyàn ti ṣe, wọlé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni mo wà. Ohun tí ACE ń ṣe ò ju ìmọ̀ràn lọ. Yunifásítì tó ń gbà ẹ́ ló máa pinnu, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú wọn. Fún business gan-an, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, pàápàá tí ilé-ìwé náà bá ní ìfọwọ́sí AACSB, àjọ tó ń yẹ ilé-ìwé business wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kéèyàn ṣe ó kéré tán ìdajì kọ́ọ̀sì business lọ́dọ̀ tàwọn. Ẹ tún wo nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. Tí Marketing bá jẹ́ kọ́ọ̀sì 300 level lọ́dọ̀ wọn, tí tìẹ jẹ́ 200 level, ìwé tẹ́ ẹ kà lè jẹ́ ọ̀kan náà, wọn ò ní fi tìẹ dípò rẹ̀. Ibi tí Marketing Ọmọ Ẹ̀gbá ti há nìyẹn, ó dá mi lójú.

Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí àwọn tó ń gba èèyàn wọlé. Olórí ẹ̀ka tó ni kọ́ọ̀sì náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ sì fi syllabus ránṣẹ́, èyí tó kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìwé tẹ́ ẹ lò àti irú ìdánwò tẹ́ ẹ ṣe. Mo ti rí i tí wọ́n yí ìpinnu padà nítorí syllabus tó kún dáadáa. Lẹ́tà tó ń bẹ̀bẹ̀ lásán, wọn kì í kà á parí.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ìyá Ọ́fíìsì, ẹ ṣeun. Kí ló dé tí ẹni tó gbà mí wọlé ò sọ gbogbo èyí kí n tó sanwó?

Ìyá Ọ́fíìsì
Torí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó o wọlé. Èyí tó kù, iṣẹ́ ẹlòmíì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n gba èsì náà ní kíkọ, kọ́ọ̀sì kan tẹ̀lé èkejì, pé kọ́ọ̀sì báyìí máa dípò kọ́ọ̀sì báyìí. Èsì orí fóònù ò ka nǹkan kan.

Tíṣà Àgbà
Ẹ wò ó, mo tún fẹ́ gbèjà olórí ẹ̀ka yẹn. Òun ló máa fọwọ́ sí i pé ọmọ yìí mọ accounting. Tí ọmọ náà bá débi iṣẹ́ tó sì bà á jẹ́, orúkọ ilé-ìwé ló máa bàjẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ẹ̀gbọ́n, ìwé tí mo kà lórí ayélujára kọ́ ni mo tún kà lọ́dọ̀ wọn ni? Orí ayélujára náà ni tiwọn wà! Olùkọ́ wọn ò fojú kàn mí rí. Máàkì A ni mo gbà. Ìmọ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́, owó ni.

Tíṣà Àgbà
Ó dáa, lórí èyí tó jẹ́ orí ayélujára náà yẹn, mo gbà fún ẹ. Lórí tàwọn tó kù, mi ò tíì gbà.

Sọ́jà Texas
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jiyàn lórí Sophia, ẹ ti gbàgbé CLEP. Ìdánwò ni, ti College Board. Ẹ lọ sí gbọ̀ngàn, ẹ jókòó, wákàtí kan ààbọ̀, ó parí. 50 ni máàkì tí ACE ní kí wọ́n fi fún èèyàn ní kírẹ́díìtì. Management, Marketing, Business Law, Financial Accounting, Micro, Macro, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò sanwó ìdánwò torí pé ológun ni mí, DANTES, ètò ológun tó ń ràn wá lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́, ló san án. Ẹni tí kì í ṣe ológun, ẹ lọ wo Modern States. Ọ̀fẹ́ ni kọ́ọ̀sì wọn, tẹ́ ẹ bá sì parí rẹ̀, wọ́n á san owó ìdánwò náà fún yín. Ìṣòro Tíṣà Àgbà ò sí níbí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á fìdí rẹmi.

Tíṣà Àgbà
Èyí, mo fara mọ́ ọn gidi gan-an. Ẹ dán ọmọ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lubbock
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo físà F-1, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, kó ṣọ́ra. Nínú kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ èèyàn sí full-time, kọ́ọ̀sì orí ayélujára kan ṣoṣo ni wọ́n gbà láàárín sẹ́mẹ́sítà. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè kẹ́ ẹ tó dín kọ́ọ̀sì kankan kù torí Sophia. Ọ̀rọ̀ físà ò ṣeé fi ṣeré.

Ará Bódìjà
Ẹ káàsán o. Ìbàdàn ni mo wà. Mo ti ṣe ọdún méjì ní Business Admin nílé kí ìyànṣẹ́lódì tó lé mi kúrò, mo sì fẹ́ parí rẹ̀ ní ilé-ìwé Amẹ́ríkà kan lórí ayélujára. Wọ́n ní kí n lọ ṣe WES, ti àwọn tó ń yẹ ìwé èsì ilẹ̀ òkèèrè wò. Ẹ̀ka wo nínú rẹ̀ ni kí n mú?

Sisí Dallas
Course-by-course. Èkejì, document-by-document, á kàn sọ pé o lọ sílé-ìwé ni. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba kírẹ́díìtì òun, wọ́n gbọ́dọ̀ rí kọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwé tó o lọ ló sì máa fi transcript náà ránṣẹ́ fúnra wọn, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ará Bódìjà
Ibẹ̀ gan-an ni ẹkún mi wà. Mo ti sanwó transcript, wọ́n ti fún mi ní rìsíìtì, ẹ̀rọ wọn ní "processing" láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ọdún yìí. Mo lọ síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń fọwọ́ sí i lọ fún ìsinmi. Mo tún padà lọ, wọ́n ní fáìlì mi ò sí ní ṣẹ́ẹ̀fù.

Kọ́lá Nọ́ọ̀tì
Fáìlì ò sí ní ṣẹ́ẹ̀fù! Ohun tí wọ́n sọ fún àǹtí mi nìyẹn títí ọdún ìgbàwọlé fi kọjá lórí i rẹ̀.

Aṣọ Òkè
Tèmi, wọ́n ní òjò wọ ọ́fíìsì.

Ìyá Ìbejì
Ó máa ń dùn mí ju ohun gbogbo lọ. Ọmọ jáde kúrò nílé, ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, ìwé tirẹ̀, tó fi òógùn gbà, wọn ò fún un. Ará Bódìjà, ṣé o ní ẹnì kan tó lè lọ jókòó síbẹ̀?

Ará Bódìjà
Àbúrò mi lè lọ, ma.

Ìyá Ìbejì
Kó mú rìsíìtì náà dání, kó sì bá igbá-kejì registrar fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó má fún ẹnikẹ́ni ní owó ẹ̀yìn.

Kọ́lá Nọ́ọ̀tì
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láìfi nǹkan sí i, fáìlì yẹn ò ní jáde.

Ìyá Ìbejì
Rárá o. Ẹni tó bá fún wọn lónìí ló ń jẹ́ kí wọ́n pa ti ẹlòmíì mọ́ lọ́la. Mi ò ní gbà á.

Sọ́jà Texas
Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Àmọ́ níbí náà, ilé-ìwé máa ń di transcript mú tí èèyàn bá jẹ wọ́n ní gbèsè. California fòfin de ìyẹn láti ọdún 2020. Ẹni tó jẹ gbèsè, kó wo òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kó tó rò pé ọ̀nà ti dí.

Ará Peckham
Lọ́dọ̀ wa ní UK, kírẹ́díìtì 360 ni dígírì, 120 lọ́dún. Open University gba ohun tí mo ti ṣe níbòmíì wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n wo ọjọ́ orí rẹ̀, torí kírẹ́díìtì tó ti pẹ́ jù, wọn kì í fẹ́ kà á. Ará Bódìjà, má jẹ́ kí tìẹ gbó.

Ará Bódìjà
Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n gbàgbé transcript náà, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní University of the People, yunifásítì orí ayélujára. Ṣé ìwé wọn dáa?

Ìyá Ọ́fíìsì
Ojúlówó ni wọ́n. Ọdún 2009 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àjọ méjì tó ń yẹ ilé-ìwé Amẹ́ríkà wò ti fọwọ́ sí wọn: DEAC ní 2014, WSCUC ní 2025. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí ṣe pàtàkì, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í fẹ́ gba kírẹ́díìtì tí DEAC nìkan fọwọ́ sí. Wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n owó ìdánwò wà lórí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kó o mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀ka business ní yunifásítì tí mò ń lọ, mo to orúkọ kọ́ọ̀sì Sophia mẹ́ta síbẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa dípò. Wọ́n dáhùn pé Micro àti Macro á wọlé síbi tó yẹ. Accounting, wọ́n ní àwọn ò gbà á, kí n ṣe é ní community college. Torí náà Micro àti Macro nìkan ni mo máa ṣe níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Fi ìwé yẹn pa mọ́. Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà pẹ̀lú.

Kọ́lá Nọ́ọ̀tì
Ìbéèrè kan: mo fẹ́ ṣe MBA lẹ́yìn èyí. Ṣé máàkì A tí mo gbà níta máa wọ inú GPA mi, ìpíndọ́gba máàkì mi?

Ìyá Ọ́fíìsì
Lọ́pọ̀ ibi, kò ní wọ̀ ọ́. Kírẹ́díìtì nìkan ló ń kọjá, máàkì ò kọjá. Sophia ò tiẹ̀ ń fi A tàbí B sílẹ̀, pé o yege nìkan ni wọ́n ń kọ. Western Governors University (WGU) náà, wọn kì í ṣe GPA bíi tàwọn yòókù, yíyege níbẹ̀ dúró fún 3.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ìwé MBA tó o ń wò, bi wọ́n ná bóyá ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn.

Tíṣà Àgbà
Ará Bódìjà, kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni transcript rẹ há sí? Fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí. Mo ṣì mọ àwọn èèyàn kan ní ìgboro yẹn.