Kókó lọ́rùn ọmọ tuntun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ará Ìkòròdú

Ìyá Àbẹ̀ní, Ìgbógbó: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ti pé ọ̀sẹ̀ 3. Kókó líle kan wà lápá ọ̀tún ọrùn rẹ̀. Ó ń mu ọmú dáadáa, àmọ́ orí rẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, àgbọ̀n rẹ̀ á kọjú sósì. Ìdí ló fi wáyé. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi omi gbígbóná jó o. Níbo ni kí n gbé e lọ?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ewu ọmọ. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀, ó jọ kókó inú iṣan ẹran ọrùn, èyí tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. A sábà máa ń rí i lára ọmọ tó fi ìdí wáyé tàbí tí ìbí rẹ̀ le. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló sábà ń yọ, ó lè tóbi díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà á máa wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ kí ọmọ tó pé ọdún 1. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi lórí fóònù. Ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, ẹ béèrè dókítà ọmọdé. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya sìkáànù ọrùn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí eegun itan irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ níbi ìbàdí.

Bàbá Ìbejì: Ẹ má jó o, ẹ má fi Àbóníkì ra á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún màmá pé nọ́ọ̀sì ló ní bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í bá nọ́ọ̀sì jà (ọmọ wọn nìkan ni wọ́n ń bá jà).

Màmá Délé: Ti ọmọ mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìpínlẹ̀ Èkó n'Íkẹjà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí wa. Àwọn físíò (àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé) kọ́ mi bí mo ṣe máa na ọrùn ẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ lórí YouTube o. Apá tí kì í fẹ́ wò ni mo máa ń dúró sí pè é, tó bá sì lajú, mo máa ń dà á dojú bolẹ̀ sórí àyà mi. Tó bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń fi lélẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Mo fẹ́ fi kún un. Bí mímí rẹ̀ bá ń dún, tí kò lè mu ọmú mọ́, tí kókó náà pọ́n tó ń gbóná, tàbí tó ń yára tóbi, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ara gbígbóná tó dé 38°C lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3, ilé ìwòsàn lóru náà ni. Èyí tó rọ̀ bí àpò omi, tàbí tó wà láàárín gbùngbùn ọrùn, oríṣi míì nìyẹn, dókítà náà ló máa wò ó.

Ìyá Àbẹ̀ní: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀la la ó lọ.

Màmá Délé: Ẹ tètè jí o, èrò máa ń pọ̀ níbi káàdì. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání.