Null kì í ṣe òfìfo

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé nínú àlàyé Commons Lang (láíbùrárì kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi èdè Java kọ ètò kọ̀ǹpútà) tí a fẹ́ kọ ní Yorùbá, kí "òfìfo" dúró fún null, fún empty, fún blank pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ Java má baà há ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn rárá.

Kí igbá tó ṣófo, igbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà. Ní ti null, igbá gan-an ni kò sí. Ẹ kọ s.isEmpty(), tó ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ s ṣófo, nígbà tí s jẹ́ "" (ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan): true, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, lẹ máa rí. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí s jẹ́ null: àṣìṣe NullPointerException ni, ètò lè dákú síbẹ̀. Nítorí náà, mo ní kí null jẹ́ "àìsí", kí empty jẹ́ "òfìfo", kí blank, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí kò ní ju àyè tí a kò kọ nǹkan sí lọ, jẹ́ "àlàfo".

Ẹ̀gbọ́n lè sọ pé StringUtils.isEmpty, isEmpty ti Commons Lang fúnra rẹ̀, ń dáhùn true fún null àti fún "" bákan náà. Òótọ́ ni, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn kan náà kò sọ nǹkan méjì di ọ̀kan. Nínú láíbùrárì yìí kan náà, trimToNull wà, trimToEmpty sì wà. Ẹ fún èkíní ní "", null ló máa dá padà; ẹ fún èkejì ní null, "" ló máa dá padà. Bí a bá pe méjèèjì ní òfìfo, ohun tí a máa kọ sábẹ́ wọn ni "ó ń sọ òfìfo di òfìfo". Kí ni ọmọ tó ń kà á máa rí dì mú níbẹ̀?

Àwọn tó kọ láíbùrárì náà ti jìyà irú ìdàpọ̀ yìí rí. Tẹ́lẹ̀, isEmpty tiwọn máa ń gé àlàfo etí ọ̀rọ̀ dànù kó tó dáhùn. Ní ẹ̀dà 2.0 wọ́n gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún isBlank. Orúkọ ò yí, ìtumọ̀ yí. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú àlàyé rẹ̀.

Ibi tí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ sí ni "àlàfo", torí blank kó táàbù àti ìlà tuntun mọ́ra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé rí, kí lẹ ń pe ibi tí íǹkì ò kàn lórí ìwé?