Ọkàn àbúrò mi máa ń ṣàdédé sáré: báwo ni a ṣe lè mọ ohun tó fà á?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Ọkàn àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 34, máa ń ṣàdédé sáré, eré náà a sì tún dúró lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Bó bá ti dé, ọrùn rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì. Nígbà kan tí a tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ka 190 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ adenosine, ó sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí bébà, tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kejì kò fi nǹkan kan hàn, àwọn kan sì ní àníyàn lásán ni. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má gbà fún wọn, mà. ECG tí a ṣe nígbà tí ara ti balẹ̀ kò lè sọ ohun tí ọkàn ń ṣe nígbà tó ń sáré. Ẹ béèrè bébà ECG tó ń jáde bí wọ́n ṣe ń fún un ní abẹ́rẹ́ náà.

Dókítà Ọkàn: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni adenosine fi ń dí AV node, ìyẹn ibi tí iná ọkàn ń gbà kọjá láti ìyàrá òkè sí ti ìsàlẹ̀. Bí àwọn ìgbì kéékèèké ìyàrá òkè bá ń bá eré wọn lọ nígbà tí ìsàlẹ̀ ti dákẹ́, a mọ̀ pé òkè ni wàhálà wà. Bí eré náà bá dúró pátápátá, ó ṣeé ṣe jù pé iná ń yí po gba inú node náà ni: bóyá inú rẹ̀ nìkan, èyí tí a ń pè ní AVNRT, tàbí kí ó gba ọ̀nà mìíràn tí a bí mọ́ ènìyàn padà sókè, ìyẹn AVRT. Ọrùn tó ń lù yẹn mú mi fura sí AVNRT, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, àrùn ìyàrá òkè mìíràn wà tí adenosine ń dá dúró, nítorí náà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ti iṣan itan gbé wọ inú ọkàn ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ tó dákú tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ má ṣe dúró sílé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, sà. Bébà náà ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀.

Dókítà Ọkàn: Ẹ tètè ya fọ́tò rẹ̀, mà, pàápàá ibi tí eré náà ti dúró, torí pé bébà ECG máa ń ṣá.