Ìkànìyàn Gúúsù Áfíríkà: èwo ni ká gbà nínú 60.6 àti 62 mílíọ̀nù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tshwane: Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Àbúrò wa kan fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù gàrí, èlùbọ́ àti epo pupa, bóyá ní Gauteng (ìpínlẹ̀ tí Johannesburg àti Tshwane wà), bóyá ní Cape Town. Wọ́n ní kó kọ iye èèyàn àti bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i sínú ìwé okòwò rẹ̀. Ó rí 60.6 mílíọ̀nù níbì kan, ó rí 62 níbòmíràn, ọdún 2022 ni wọ́n sì pe méjèèjì. Ẹ̀yin àgbà, èwo ni kó mú?

Bàbá Ọ̀yọ́, Johannesburg: Kó mú 62.03 mílíọ̀nù, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkànìyàn ni. Ìṣirò àárín ọdún ni 60.6 yẹn, èyí tí Stats SA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn, ń gbé jáde nínú ìwé P0302. Ìbí, ikú àti ìṣíkiri ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni kì í kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. July 2022 ló jáde. Àbájáde ìkànìyàn, P0301.4, kò dé títí di October 2023. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì á rò pé èèyàn 1.4 mílíọ̀nù já bọ́ láti ọ̀run láàárín ọdún kan náà.

Bó bá fẹ́ ọdún tó sún mọ́ wa, P0302 ti 2024 sọ pé 63.02 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n kó má mú ọdún kan nínú ìwé àtijọ́, kó mú òmíràn nínú ìwé tuntun. Bí ìwé tuntun bá ti ń jáde ni wọ́n ń tún iye àwọn ọdún ẹ̀yìn ṣe. Ìwé kan ṣoṣo ni kó dì mú fún gbogbo ọdún tó bá fẹ́ fi wéra.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tshwane: Ẹ ṣé, sà. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ńkọ́? Ó ní láti ìkànìyàn 2011 dé ti 2022, èèyàn fi bí ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i, òun pín 20 yẹn sí ọdún 10, òun rí ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún.

Bàbá Ọ̀yọ́, Johannesburg: Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ìkínní, kì í ṣe ọdún mẹ́wàá géérégé. October 2011 ni wọ́n ka ti ìṣáájú, òru 2 sí 3 February 2022 ni wọ́n fi ṣe ìdiwọ̀n ti ìkẹyìn. Ọdún 10.3 nìyẹn. Ìkejì, èèyàn tó kún lọ́dún yìí ló ń bímọ lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà pípín lásán kò tó. Kó ṣe é báyìí: kó pín 62.03 sí 51.77, iye mílíọ̀nù ti ìkànìyàn 2011, á rí 1.198. Kó tẹ «ln» lórí ẹ̀rọ ìṣirò, á rí 0.181. Kó pín ìyẹn sí 10.3. Ìdá 1.8 nínú 100 ló máa jáde.

Kó ṣe ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gauteng kúrò ní 12.3 mílíọ̀nù, ó di 15.1: bí ìdá 2 lọ́dún. Western Cape, ìpínlẹ̀ tí Cape Town wà, kúrò ní 5.8, ó di 7.4: ìdá 2.4. Eastern Cape, 6.6 sí 7.2, kò tó ìdá 1, Western Cape sì ti gba ipò kẹta mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Eastern Cape ló ń wá iṣẹ́ lọ sí Cape Town.

Ìyá Ẹ̀gbá, Durban: Ẹ jọ̀wọ́, kí àbúrò tó fọwọ́ sọ̀yà, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọn ò kà. Nínú 100 èèyàn, bí 31 ni ìkànìyàn 2022 fò. Ní 2011, 14.6 ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn kíkà ló fi èyí hàn, òun náà ni wọ́n fi gbé iye náà sókè kó tó di 62. Ní ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀, ó ṣe é lò. Ṣùgbọ́n bí ibi tí ẹ ń wò bá ṣe kéré tó ni àṣìṣe rẹ̀ ń pọ̀ tó. Àwọn Òyìnbó àti àwọn ọmọ Íńdíà ni wọ́n fò jù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ tajà fún wọn níbí ní Durban, kó má gbára lé iye wọn ní àdúgbò kan pàtó. Ní 2024, Tom Moultrie àti Rob Dorrington ní Yunifásítì Cape Town kọ ọ́ síta pé àwọn iye kan kò bá ohun tó yẹ mu. Ẹ wo Johannesburg: 4.4 sí 4.8 mílíọ̀nù péré, nígbà tí Cape Town fò láti 3.7 sí bíi 4.8. Ó ṣòro fún mi láti gba ìyẹn gbọ́ bó ṣe wà.

Bàbá Ọ̀yọ́, Johannesburg: Òótọ́ lẹ sọ, mà. Kó kọ ọ́ ní «bíi 4.8», kó má to nọ́ńbà méje tẹ̀ léra.

Àdùkẹ́, Cape Town: Lójú tèmi, iye ìdílé ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ìdílé 17.8 mílíọ̀nù ló wà, èèyàn 3.5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2011, 14.45 mílíọ̀nù ni. Ìdílé fi bí ìdá 23 nínú 100 pọ̀ sí i, èèyàn fi bí ìdá 20. Ìdílé ń yára pọ̀ ju èèyàn lọ, ìkòkò tí wọ́n ń gbé kaná sì ń kéré. Àpò gàrí ńlá kò ní tà tó kílò kan, kílò méjì.

Àwọn wo ló sì fẹ́ tà á fún? Aláwọ̀ dúdú jẹ́ 81.4 nínú 100, Coloured (bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tí ìran wọn jẹ́ àdàpọ̀ níbí) 8.2, Òyìnbó 7.3, ọmọ Íńdíà àti Éṣíà 2.7. Ẹnu oníkálukú ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ní Western Cape, Coloured ló pọ̀ jù, Afrikaans sì wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Pátákó ṣọ́ọ̀bù tó bá Soweto ní Johannesburg mu lè má bá Mitchells Plain, àdúgbò àwọn Coloured ní Cape Town, mu.

Àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè lé ní 2.4 mílíọ̀nù. Kó má fi ìyẹn ṣe iye oníbàárà rẹ̀ o! Ọmọ Zimbabwe nìkan jẹ́ 45.5 nínú 100 wọn, Mozambique 18.7, Lesotho 10.2. Ọkà àgbàdo funfun ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ. Kò sí orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kankan láàárín mẹ́ta yẹn.

Ìyá Ẹ̀gbá, Durban: Nǹkan kan tún kù. February ni ìkànìyàn wò. Bó bá ti di àárín December, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kúrò ní Gauteng lọ sí ìlú wọn ní Limpopo, Eastern Cape àti KwaZulu-Natal, wọn kì í padà kí January tó wọlé dáadáa. Kó dín ọjà tó ń kó kù lásìkò yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tshwane: Ó ń wo Randfontein náà, ìlú kan ní Gauteng. Ó rí i nínú tábìlì 2011, kò rí i nínú ti 2022.

Bàbá Ọ̀yọ́, Johannesburg: Wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ Westonaria láti August 2016, Rand West City ni kó wá. Kó ro iye àwọn méjèèjì pọ̀ ní 2011 kó tó fi wé 2022. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dà bíi pé ìlú náà di ńlá lójijì.