Ṣọ́ọ̀bù ńlá ẹ̀gbẹ́ mi ń kó lọ: ṣé kí n dúró?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa nílùú ọba. Ilé ìtajà ọjà ọ̀pọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń kó lọ sẹ́yìn ìlú, níbi tí àyè ìgbọ́kọ̀sí ti pọ̀. Àwọn tó bá ra ọṣẹ níbẹ̀ tán ló ń yà sọ́dọ̀ mi wá ra gàrí àti èlùbọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nígbà tí Wilko, ilé ìtajà ńlá kan níbí, wọlẹ̀ lọ́dún 2023, àwọn ilé ìtajà mìíràn bíi B&M àti Poundland gba lára àwọn ilé rẹ̀, nítorí náà ẹlòmíràn lè gba èyí náà. Ṣùgbọ́n onílé fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀wé ọdún márùn-ún báyìí. Ṣé kí n ní kó fàyè sílẹ̀ fún mi láti jáde kọ́dún náà tó pé? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bá onílé sọ ọ́?