Dírágónì lóru: iná ẹnu rẹ̀ kò tàn, dúdú ara rẹ̀ sì ń gbẹ bí eérú

AyàwòránÒru béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Dírágónì ni mo fẹ́ fi ọ̀dà olóròóró yà. Ó dúró lórí àpáta lóru, òṣùpá wà lẹ́yìn rẹ̀ lókè, iná sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kánfáàsì náà jẹ́ 60 × 80 sẹ̀ǹtímítà, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi gesso, ìyẹn ọ̀dà funfun tó ń ṣe ìpìlẹ̀ fún àwòrán, kùn ún.

Ohun mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Báwo la ṣe ń mọ ibi tí òjìji yóò bọ́ sí lára ẹranko tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí? Èkejì, gbogbo ibi tó dúdú ló ń gbẹ láìdán, ó ń rí wúruwùru, nígbà tí ibi tó mọ́lẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ̀kẹta ni iná náà: bí mo ṣe ń fi funfun kún un pé kó lè mọ́lẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dà bí ẹfun.

Àwọn ọ̀dà tó wà nílẹ̀ ni Titanium White, Ivory Black, Ultramarine Blue, Burnt Umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn), Cadmium Yellow Light, Cadmium Red àti Alizarin Crimson (pupa jíjinlẹ̀). Òróró linseed àti tínà tí kò lóòórùn ni mo fi ń pò wọ́n.

ỌmọỌ̀nà dáhùn:

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òjìji bẹ̀rẹ̀, torí bí ìyẹn bá wọ́, kò sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe. Ẹranko tí kò sí láyé, ẹ fi ọwọ́ yín mọ ọ́n. Ẹ fi wáyà ṣe egungun rẹ̀, kẹ́ ẹ fi amọ̀ bò ó. Bó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó ti tó. Kò nílò ẹwà kankan: orí, ọrùn, àyà, ìrù, apá méjèèjì, ó parí. Ẹ má fi ìpẹ́ sí i. Amọ̀ funfun tàbí èyí tó rí bí eérú ló dára jù, torí pé lára amọ̀ aláwọ̀ dúdú, ẹ kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín òjìji àti àwọ̀ amọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìyẹ́ apá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ gé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìrísí apá àdán, kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Pépà tó bá ti mu òróró máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá gẹ́gẹ́ bí awọ tín-ín-rín ṣe ń ṣe. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé gílóòbù kékeré kan síwájú ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé òmíràn tí kò lágbára tó o sẹ́yìn lókè fún òṣùpá. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí fláàṣì fóònù má tàn o, á pa gbogbo òjìji náà rẹ́.

Ẹ wá wo fọ́tò náà dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò rìn jìnnà. Ibi tó bá jìnnà sí iná ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló ń dé ibẹ̀; ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nítorí náà, àgbọ̀n àti abẹ́ ọrùn yóò mọ́lẹ̀ gan-an, àyà yóò gba díẹ̀, èékánná ẹsẹ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan. Ẹni tó bá tan iná ẹnu dé ìrù ti sọ iná di oòrùn.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kánfáàsì, ẹ ya àwòrán kéékèèké bíi mẹ́fà sínú ìwé, 6 × 8 sẹ̀ǹtímítà, kí ìrísí wọn lè bá ti kánfáàsì mu. Dúdú, eérú àti funfun nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbé wọn sí òdìkejì yàrá. Èyí tí dírágónì inú rẹ̀ bá hàn ketekete láti ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ tún èyí tó yege yà ní 15 × 20. Ẹ fa ìlà sórí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 síra, kẹ́ ẹ fa ti kánfáàsì ní sẹ̀ǹtímítà 10 síra. Àpótí 48 ni yóò wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wà nínú àpótí kan níbí ni kẹ́ ẹ gbé lọ sínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ má fi pẹ́ńsù tẹ ìlà dúdú mọ́ kánfáàsì o. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀dà olóròóró ń mọ́ gaara sí i, ìlà pẹ́ńsù a sì yọjú láti abẹ́ ojú ọ̀run. Èédú ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá fi Burnt Umber tó ti ṣàn dáadáa tọ ìlà tó kù. Bí ìyẹ̀fun èédú bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, yóò wọnú ọ̀dà tó bá tẹ̀lé e, yóò sì sọ ọ́ di ìdọ̀tí.

ÌyáOníkánfáàsì dáhùn:

Dúdú tó ń gbẹ bí eérú yẹn, kì í ṣe pé àwọ̀ ṣá. Ohun tó wà lábẹ́ ló ń fa òróró inú rẹ̀ mu, tó wá ku ìyẹ̀fun àwọ̀ nìkan sókè láìsí ohun tó dì í. Ọ̀pọ̀ gesso ilé iṣẹ́ máa ń mu òróró bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Bí tínà bá tún pọ̀ nínú ọ̀dà, òróró tó kù kò ní tó nǹkan. Burnt Umber gan-an wà lára àwọn àwọ̀ tó ń tètè rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibi dúdú ló ń ṣe yín, tí ibi funfun kò ṣe nǹkan kan.

Èyí tó ti rí bẹ́ẹ̀ ṣeé tún ṣe. Ẹ jẹ́ kó gbẹ débi pé kò lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ẹ po òróró linseed ìdá kan mọ́ tínà ìdá kan, ẹ fi aṣọ tí kì í tú fọ́nrán pa á fẹ́lẹ́ sí ibẹ̀, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ohun tó máa kù kò gbọdọ̀ ju èémí tí èèyàn mí sórí dígí lọ. Bó bá ń dán bí omi tó dúró, ó ti pọ̀ jù: yóò di àwọ̀ ìyeyè tó bá yá, ọ̀dà tí ẹ bá sì gbé lé e kò ní dì í mú dáadáa. Àwọ̀ dúdú náà yóò padà sójú yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ó sì rí i pé kò sídìí láti tún un yà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kánjú fi dúdú mìíràn lé e lórí níbi yìí, ìyẹn náà yóò sì rì.

Fún kánfáàsì tó ń bọ̀, ẹ fi acrylic medium (oje ọ̀dà acrylic tí kò ní àwọ̀) tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò ní mu tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Acrylic lè wà lábẹ́ ọ̀dà olóròóró. Kò gbọdọ̀ wà lórí rẹ̀ láé.

Ẹ gbé Ivory Black sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Manganese inú Burnt Umber ló ń jẹ́ kó gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ivory Black lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí èyí tó tètè gbẹ bá wà lórí èyí tó ṣì ń rìn lábẹ́, òkè yóò ya. Ultramarine Blue tí a pò mọ́ Burnt Umber á fún yín ní dúdú tó jinlẹ̀ jù ú lọ. Bí Ultramarine bá borí, òru tútù ni. Bí Umber bá borí, àpáta tí iná ń yá ni.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ìpele ọ̀dà. Àkọ́kọ́, Burnt Umber àti tínà nìkan. Ẹ fi bo gbogbo ojú kánfáàsì, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ nu ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ kúrò títí dírágónì yóò fi jáde. Èkejì, ọ̀dà bó ṣe ti inú túùbù jáde, ẹ má fi tínà sí i mọ́. Ẹ̀kẹta ni òróró lè wọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Òkè ni òróró gbọdọ̀ pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ abẹ́ ló pọ̀ sí, abẹ́ yóò máa rọ̀ nígbà tí òkè ti le, ojú àwòrán yóò sì sán.

Ẹ tún wo ara túùbù funfun yín. Bí nọ́ńbà àwọ̀ tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ PW6 nìkan, ìyẹn titanium, kò séwu. Bí PW4 bá wà níbẹ̀, zinc ni, ìyẹn sì máa ń sọ ọ̀dà di ohun tó ń ṣẹ́ bí ọjọ́ bá pẹ́.

Ìtànná dáhùn:

Ọ̀rọ̀ iná. Funfun nìkan kò lè ṣe ìmọ́lẹ̀. Titanium White máa ń sọ àwọ̀ di tútù, ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tó fi ń rí bí ẹfun nìyẹn. Ohun tó ń mú kí iná tàn lórí kánfáàsì ni òkùnkùn tó yí i ká. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ya ojú ọ̀run àti àpáta tó wà nítòsí ẹnu náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n dúdú ju bó ṣe wù yín lọ.

Ìdí iná, níbi eyín gan-an: Cadmium Yellow Light bí ìdá mẹ́rin, funfun ìdá kan, kí ó má tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyeyè lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyeyè pẹ̀lú Cadmium Red díẹ̀ kó lè di àwọ̀ ọsàn. Lẹ́yìn náà, Cadmium Red nìkan. Ní etí pátápátá, Alizarin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń wọnú òkùnkùn lọ. Etí iná níbi tó ti jáde lẹ́nu gbọ́dọ̀ mú. Bó ṣe ń jìnnà ni kẹ́ ẹ máa fi búrọ́ṣì gbígbẹ nù ún kó lè rọ̀, kí ṣóńṣó rẹ̀ má sì ní etí rárá.

Òṣùpá ńkọ́? Kó má mọ́lẹ̀ tó iná. Ultramarine, funfun, Umber bí orí abẹ́rẹ́. Bí méjèèjì bá mọ́lẹ̀ dọ́gba, ojú kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ wò.

Alizarin Crimson yẹn, bó bá jẹ́ PR83 ló wà lára túùbù rẹ̀, yóò ṣá nínú ìmọ́lẹ̀, pàápàá bí a bá kùn ún fẹ́lẹ́. Ẹ fi PV19 tàbí PR177 rọ́pò rẹ̀.

AyàwòránÒru:

Ẹ ṣé gan-an o, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. Ṣé mo lè fi glaze gba ìyókù iná náà là, ìyẹn ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ ká rí ohun tó wà lábẹ́? Ìpẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó máa yà á?

Ìtànná:

Ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe Cadmium. Cadmium kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, bíbò ló ń bo nǹkan. Ẹ wá Indian Yellow tàbí Transparent Oxide Red. Ẹ kọ́kọ́ fi Titanium White nípọn díẹ̀ ya ìrísí iná náà, kó ga sókè lórí kánfáàsì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá kun Indian Yellow fẹ́lẹ́ lé e, kẹ́ ẹ fi aṣọ nù ún kúrò lórí ibi tó ga. Ìmọ́lẹ̀ yàrá yóò wọ inú àwọ̀ náà, yóò kan funfun tó wà nísàlẹ̀, yóò sì padà síta sí ojú yín. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ìyeyè àti funfun tí ẹ ti pò mọ́ra rí irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni fún awọ apá rẹ̀ tí iná wà lẹ́yìn rẹ̀: Transparent Oxide Red lórí abẹ́ tó mọ́lẹ̀, kí egungun apá sì dúdú láàárín rẹ̀.

ỌmọỌ̀nà:

Ìpẹ́: ẹ má yà á tán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nì tàbí awọ́nríwọ́n nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ sí gan-an, ìpẹ́ kì í hàn, ńṣe ló ń dán papọ̀. Nínú òjìji jíjinlẹ̀, kì í hàn náà. Ojú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yí padà di òjìji nìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ti ń yọ. Lára dírágónì yín, ìyẹn jẹ́ ìlà kan tó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọrùn àti èjìká. Ẹ ya ìpẹ́ ibẹ̀ dáadáa: òjìji kékeré lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ lókè rẹ̀. Bó ṣe ń yí lọ sẹ́yìn ara, kó máa kéré, kó sì máa tẹ́ẹ́rẹ́ dípò kó yípo. Ojú ẹni tó ń wò ó yóò fúnra rẹ̀ ya ìyókù. Búrọ́ṣì ńlá ni fún gbogbo ara títí ìpele kejì yóò fi parí, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 3. Ti ìpẹ́ kò gbọdọ̀ jáde ṣáájú.

ÌyáOníkánfáàsì:

Ohun méjì tí ẹ kò tíì béèrè. Aṣọ tí ẹ fi nu òróró linseed, ẹ má ká a jọ sínú garawa ìdọ̀tí. Bí òróró náà ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, aṣọ tó bá wà ní ìdìpọ̀ sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ sá a sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ níta títí yóò fi gan, tàbí kẹ́ ẹ fi omi rẹ ẹ́ sínú agolo onírin tó ní ìdérí.

Fáníìṣì tó kẹ́yìn, ẹ dúró fún oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Ibi iná tó nípọn yẹn ni yóò gbẹ kẹ́yìn, nítorí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dán an wò: ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná bá fi ojú sílẹ̀, kò tíì yá. Bí kò bá fi ojú sílẹ̀, ẹ fi òwú tó ní tínà díẹ̀ ra á ní igun kan. Bí àwọ̀ bá bá òwú náà wá, ẹ tún fún un ní oṣù méjì sí i. Kẹ́ ẹ má gbé e sínú òkùnkùn ní gbogbo àkókò yìí o, òróró linseed máa ń di àwọ̀ ìyeyè níbẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé ni kó wà, kí oòrùn má ṣáà ti máa pa á ní tààrà.