Ẹ gbà mí o, ìṣirò mọ́tò ti fẹ́ pa wá

Ìyá Tómi (Manchester): Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ọmọ Òkun ní Kogi. Ọ̀la ni ìdánwò GCSE ọmọ mi. Mọ́tò £12,000 ń pàdánù ìdá 15 nínú 100 lọ́dọọdún, èló ló kù lẹ́yìn ọdún 4? Mo rí £4,800, ìwé ní £6,264. Ọmọ ti ń sunkún.

Bàbá Ìbejì (Houston): Ẹ ṣe 15 lọ́nà 4, ó di 60, lẹ bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó jẹ́ kí n pàdánù owó gan-an nìyẹn! Mọ́tò $20,000 tí mo ti lò fún ọdún 4, mo ní $8,000 ló kù, mo sì tà á ní $8,500. Ó yẹ kó lé ní $10,000. Ọdún kejì, inú £10,200 lẹ ti máa yọ 15, kì í ṣe inú 12,000 mọ́. Ó di 8,670, 7,369.50, lẹ́yìn náà 6,264.08.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀ (Dublin): Tí 15 bá lọ nínú 100, ó ku 85. Kó fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èmi lo 0.15 níjọ́sí, mọ́tò wá ku £6! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó ìdánwò yẹn. Ohun tó kù là ń ṣírò, kì í ṣe ohun tó lọ.

Ọmọ Kabba (Calgary): Èmi ò gbà. Ọdún àkọ́kọ́ ni mọ́tò tuntun máa ń já jù.

Bàbá Ìbejì: Àbúrò, ìdánwò lọmọ ń lọ ṣe, kò lọ ta mọ́tò.

Ọmọ Kabba: Ẹ̀yin náà lẹ pàdánù owó lórí mọ́tò, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fi 0.85 ná mọ́tò tuntun máa gbówó lé e.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀. Iodine-131, oògùn onítànṣán tí wọ́n ń fún alárùn gẹ̀gẹ̀ ní ọsibítù wa, ní ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ìdajì ohun tó kù nínú rẹ̀ ń lọ. Tó bá di ọjọ́ 24, ìdá kan nínú 8 ló kù. Ìyẹn kì í yẹ̀. Ìyá Tómi, ẹ má fún un ní kọfí lálẹ́ yìí o. Nǹkan bíi wákàtí 5 ni ìdajì kaféènì ń gbà kó tó kúrò lára. Tó bá mu ún laago 8 alẹ́, ìdá kan nínú 4 ṣì wà lára rẹ̀ laago 6 àárọ̀.

Ọmọ Kabba: Kọfí! Ẹ ti pa mí. Bàbá mi máa ń sá tiwa sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ wa á pọ́n, á máa lẹ̀ mọ́ra. Kò sí kọfí ibí tó ń rùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú (London): Kabba ti dé! Ẹ gbé kọfí yín, ẹ jẹ́ ká gbé iyán.

Ọmọ Kabba: Iyán wo? Ẹni tó bá jẹ iyán Kabba kò ní rántí Ìsánlú.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ̀gbẹ̀ lẹ ti máa jẹ iyán tí kò ní kókó. Ọdún 6 rèé, mi ò tíì gbọ́ ìró odó.

Ìyá Tómi: Ẹ ṣeun, ọmọ ti rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún kelòó ni mọ́tò náà yóò wá sísàlẹ̀ £5,000?

Ọmọ Ìsánlú: Ta ló ń bọ̀ wálé ní Disẹ́ńbà? Mo fẹ́ rán ẹnì kan ní èlùbọ́.

Bàbá Ìbejì: Èmi. Àmọ́ Kabba ni mo máa kọ́kọ́ yà.